Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn pírínsípà: ẹ̀yin olùkọ́ Ìbàdàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Báọ́lọ́jì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ilé-ìwé girama ìjọba ni mo ti ń kọ́ni. Òkè-Ògùn ni mo wà tẹ́lẹ̀, kí tíráńsífà mi tó jáde tí wọ́n gbé mi wá sí ilé-ìwé kan lágbègbè Mọ́níyà. Inú mi dùn pé mo ti sún mọ́ ilé. Àfi bí mo ṣe débẹ̀ tí mo rí i pé sítáfùrúùmù ti pín sí méjì. Àwọn kan jẹ́ ti pírínsípà, àwọn kan jẹ́ ti VP àgbà, igbákejì rẹ̀. Tí o bá ti jókòó lápá fèrèsé, wọ́n ti ka ìwọ náà mọ́ àwọn ti VP nìyẹn. Èmi ò mọ̀, atẹ́gùn ni mo wá lọ síbẹ̀ o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tó jù mí lọ dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ pè mí sẹ́yìn láàbù. Ó ní àwọn olùkọ́ fẹ́ kọ̀wé sí TESCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwa olùkọ́ girama ìjọba, lórí pírínsípà, pé ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, pé àwọn èèyàn rẹ̀ nìkan ló ń fún ní ipò. Wọ́n ti tẹ ìwé náà, àwọn kan sì ti fọwọ́ sí i. Ó ní tí mi ò bá fọwọ́ sí i, àwọn ti mọ ibi tí mo wà. Mi ò tíì lo táàmù kan tán níbẹ̀! Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá mi padà síbi tí mo ti ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àrẹ̀mọ

Àbúrò mi, kú ewu ọ̀nà. Má fọwọ́ sí i lónìí. Mi ò ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i láéláé o, lónìí ni mo wí.

Gba ìwé yẹn, kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, èwo lojú rẹ rí? Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn ti di ẹlẹ́rìí. Tí wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọn kì í pè yín wọlé pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Wọ́n á bi ẹ́ pé: ọjọ́ wo ló gbowó? Lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì wo? Èló? Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, "wọ́n ní" nìkan lo máa rí sọ. Àwọn tó mú ìwé wá bá ẹ lẹ́yìn láàbù ò ní wà nínú yàrá yẹn láti gbà ẹ́.

Ohun tí wàá sọ fún ẹ̀gbọ́n yẹn nìyí, kí o sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀ kí n tó dé. Tí wọ́n bá pè mí tí mi ò rí nǹkan gidi sọ, èmi ni n ó ba ẹjọ́ yín jẹ́." Òótọ́ ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Má pa irọ́ pé orí ń fọ́ ẹ o. Wọ́n á padà wá lọ́la.

Ọmọ Ọjàába

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba ìwé tí a fi ń kọ aago tí a dé. Ní ilé-ìwé tí mo ti kúrò, báírò pupa ni ọba ibẹ̀. Tí aago mẹ́jọ bá ti lù, VP á fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ ẹni tó kọ kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ orúkọ sísàlẹ̀ ìlà ti pẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú tiwọn bá há sínú gosíloò Ọ̀jọ́ọ̀, báírò pupa á sọnù! Wọ́n á wá a lábẹ́ tábìlì, wọ́n á wá a nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á bi kọ́pà bóyá òun ló mú un. Bí Àǹtí bá ti sáré wọlé tí wọ́n kọ orúkọ wọn tán, báírò á yọjú. Lọ́jọ́ tó bá wá jẹ́ èmi ló pẹ́, báírò ti wà lọ́wọ́ wọn láti aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mi ò bá ẹnì kankan jà lórí ẹ̀. Òkè ìlà ni mo ń gbìyànjú láti wà, aago tí mo dé gan-an ni mo sì ń kọ, yálà 7:41 tàbí 7:56. Àwọn yòókù, 7:30 ni gbogbo wọn ń kọ lójoojúmọ́ bí ẹni pé inú ilé-ìwé ni wọ́n ń sùn. Nígbà tí àwọn LIE, àwọn tó ń bẹ ilé-ìwé wò fún ìjọba, wá yẹ ìwé wò, àwọn oní 7:30 yìí ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

Àfẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo jókòó sórí àga pírínsípà rí, kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe rí láti ọ̀hún.

Ọmọ mi, ohun tí wọ́n bá ní àwọn ń jà lé lórí kì í sábà jẹ́ òun gan-an. Ní ilé-ìwé ìjọba, pírínsípà ò lè fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù rẹ, kò sì lè fún ẹ ní ìgbéga, Àgódí, níbi tí Sẹkitéríàtì ìjọba wà, ni ìyẹn ti ń wá. Kí ló wá kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi ṣojú rere? Ta ni yóò ṣe olùdarí ìdánwò. Ta ni yóò kọ́ SS3. Ta ni kò ní ní péríòdù tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì. Orúkọ ta ni wọn yóò fi sílẹ̀ láti lọ ṣọ́ ìdánwò WAEC níta. Ìwọ̀nba yìí náà ni gbogbo sítáfùrúùmù ń wò. Tí táìmtébù tuntun bá jáde, kì í ṣe péríòdù ni wọ́n ń kà, wọ́n ń wo ẹni tí wọ́n fẹ́ràn àti ẹni tí wọn ò fẹ́.

Ti pírínsípà àti VP, èyí wọ́pọ̀ gan-an. Àwọn méjèèjì lè jọ wà ní ìpele kan náà, VP tilẹ̀ lè ti pẹ́ ní ilé-ìwé yẹn jù ú lọ. Ó ti gbà pé òun ló kàn. Ni wọ́n bá gbé ẹlòmíràn wá láti ibòmíràn. Ìjà ti wà nílẹ̀ kí ẹni tuntun yẹn tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò sí ohun tí ìwọ tàbí ìwé ẹ̀sùn lè ṣe sí ìyẹn. Nítorí náà, kọ́kọ́ wádìí ọdún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dé ibẹ̀. Wàá rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó dà bí ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ àga ni.

Èkejì: lọ kí pírínsípà. Lọ kí VP náà. Ní òwúrọ̀, ní gbangba, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Kíkí kì í ṣe ìbò tí o dì. Àwọn olùkọ́ tó máa ń wá "kí" mi lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti lọ sílé, mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìkíni yẹn kì í wá lọ́wọ́ òfo, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló máa ń bá a dé. Mo máa ń gbọ́ ọ, n ò sì ní purọ́ fún yín, nígbà mìíràn ó máa ń wúlò. Ṣùgbọ́n mi ò fi ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe olùdarí ìdánwò rí.

Akọ̀wé Kékeré

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìjà orogún lásán ni. Owó àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀! Láti 2019, nígbà tí Ṣèyí Mákindé gorí àlééfà, ni ìjọba Ọ̀yọ́ ti fagi lé ₦3,000 tí àwọn ọmọ girama ìjọba ń san. Tí ẹnì kan bá wá ń gba owó tí kò ní rìsíìtì, tó ń lé ọmọ tí kò rí i san jáde nínú kíláàsì, ṣé ká máa sọ pé ọ̀rọ̀ àga ni?

Àfẹ̀yìntì

Akọ̀wé, mo gbà pẹ̀lú ẹ, mi ò sì bínú. Tí ó bá rí i, kí ó kọ ọ́.

Ìyá Àrẹ̀mọ

Èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Àfẹ̀yìntì sọ: tí *ó* bá rí i. Kí ó kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kíláàsì àti iye owó, kí ó má fi orúkọ rẹ̀ dí ihò nínú ìwé ẹlòmíràn. Ẹ̀sùn olóòótọ́ tí a dà pọ̀ mọ́ "kò fi wá ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́" ti bàjẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ kà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí àwọn ọmọdé olùkọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é: o ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gba owó náà. "Ìwọ ni olùkọ́ kíláàsì, bá wa gbà á, kọ orúkọ wọn sínú ìwé." Tí ọ̀rọ̀ bá dé Àgódí, pírínsípà á ní òun ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé ta ló wà nínú ìwé? Tìẹ. Sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ pé wọ́n ní kí o gbà á. Wọn ò ní kọ ọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Akọ̀wé Kékeré

Ẹ ṣé, màámi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìdánwò. Tí wọ́n bá ní kí o wá kọ ìdáhùn sórí pátákó nígbà WAEC, tí wọ́n ní "nítorí orúkọ ilé-ìwé wa ni", ìyẹn kúrò ní òṣèlú. Òfin tó de màgòmágó ìdánwò wà láti 1999, olùkọ́ sì wà lára àwọn tí òfin náà lè mú. Kò sí ti pírínsípà tàbí ti VP níbẹ̀, kọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Tíṣà Apatà

Ẹ̀yin ti ìjọba, ẹ ṣì ní TESCOM tí ẹ lè kọ̀wé sí. Àwa tí a wà ní ilé-ìwé àdáni ńkọ́? Níbẹ̀, ẹni tó ni ilé-ìwé ni Mummy, ọkọ wọn ni Daddy, àbúrò Daddy ni akápò, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe olórí nọ́sìrì. Kò sí kúẹ̀rì, ìwé tí ọ̀gá fi ń bi òṣìṣẹ́ léèrè ohun tó ṣe, ẹnu ni wọ́n fi ń lé èèyàn. Gbogbo òṣèlú ibẹ̀ ò ju ta ló ń gbé ìròyìn lọ bá Mummy lọ.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kí o tó wọ kíláàsì. Kí iye owó oṣù wà níbẹ̀, kí ó sì hàn níbẹ̀ bóyá wọ́n máa san ti oṣù Kẹjọ tí gbogbo èèyàn wà ní họ́lídè. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Tí òbí bá fún ẹ ní ẹ̀bùn ìparí táàmù, gbà á níwájú gbogbo èèyàn, kí o fi han ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé òbí yẹn á sọ fún Mummy kó tó délé.

Forúkọ sílẹ̀ ní TRCN pẹ̀lú, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin tó dá a sílẹ̀ ti wà láti 1993, kò sì sọ pé ti olùkọ́ ìjọba nìkan ni. Lọ́jọ́ tí Mummy bá ní kí o máa lọ, ìwé-ẹ̀rí yẹn á bá ẹ jáde ní géètì. Ilé-ẹjọ́ tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka nílùú Ìbàdàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gba lọ́yà nítorí owó oṣù méjì?

Ẹlẹ́gbẹ́ NUT

Ẹ kú àsọyé. Mi ò rí ẹni tó dárúkọ ẹgbẹ́ o. Owó ẹgbẹ́ ń kúrò nínú owó oṣù yín lóṣooṣù, kí lẹ rò pé ó wà fún? Láti 1931 ni NUT ti wà, Àlùfáà Ransome-Kuti tó ń darí ilé-ìwé girama Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Olùkọ́ ni wọ́n, pírínsípà sì ni wọ́n. ASUSS náà wà fún ẹ̀yin ti girama, mo mọ̀ pé òun náà ń dá ìjà tirẹ̀ sílẹ̀ nínú sítáfùrúùmù, n ò ní bá yín wọ ìyẹn lónìí. Èyí tó wù kí owó rẹ ń lọ sí, wá aṣojú wọn nílé-ìwé rẹ, kí ó mọ ojú rẹ kí wàhálà tó dé.

Tí o ò bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, tàbí tí o bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, kúẹ̀rì lè dé lórí nǹkan mìíràn: o pẹ́, o ò fi nóòtì ẹ̀kọ́ sílẹ̀, o jáde láì kọ orúkọ sínú ìwé ìjáde. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ já. Kúẹ̀rì kì í ṣe ìdájọ́, ìbéèrè ni. Wákàtí tí wọ́n bá kọ sínú ẹ̀ ni kí o fi dáhùn, má jẹ́ kó kọjá. Ohun tí wọ́n bi ẹ́ nìkan ni kí o dáhùn. Mo ti rí èsì kúẹ̀rì tó kún ojú ewé mẹ́ta, tí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ tí pírínsípà dé, títí kan bí ìyàwó pírínsípà ṣe ń múra. Ojú ewé kan tó. Tẹ ẹ̀dà méjì, gbé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tìrẹ pẹ̀lú ọjọ́. Tí akọ̀wé bá ní òǹtẹ̀ wà nínú àpótí tí wọ́n tì, dúró dè é. Jókòó síbẹ̀.

Tíṣà Báọ́lọ́jì

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà mi, Ọlọ́run á máa gbé yín ga. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí màámi Ìyá Àrẹ̀mọ kọ́ mi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n yẹn wò mí títí. Wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ náà gbọ́n." Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni àbí ìkìlọ̀. Wọn ò kí mi dáadáa láti ìgbà náà.

Nǹkan tuntun tún ti dé. Ìyá pírínsípà ṣaláìsí, ìsìnkú ti sún mọ́lé, wọ́n ti mú àǹkárá wá sí sítáfùrúùmù. Àwọn ti VP ní àwọn ò rà. Aṣọ náà ti wà lórí tábìlì mi, ẹnì kan fi síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ Ọjàába

Ra fìlà! Tí o bá jẹ́ obìnrin, ra gèlè. Ìdajì owó, ìdajì ọ̀tá. 😂

Ìyá Àrẹ̀mọ

Ọmọ Ọjàába ń ṣeré, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́. Òkú ìyá ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Tí owó aṣọ bá le, dá a padà jẹ́jẹ́ fún ẹni tó ń pín in, pé apá rẹ ò ká a lóṣù yìí. Má jẹ́ kó sùn sórí tábìlì rẹ, àwọn kan á ti ní o ti rà á. Kí o wá lọ síbi ìsìnkú náà nínú aṣọ tìrẹ. Bí o bá fẹ́ fúnni lówó, jẹ́ kó ti inú àpò owó wẹ́fíà sítáfù lọ, kí ó má jẹ́ pé o nawọ́ àpòòwé sí pírínsípà lójú àwọn tó ń kà. Lọ́jọ́ tí VP náà bá sọmọ-ọmọ lórúkọ, tàbí tó bá ṣí ilé, lọ. Tí wọ́n bá ti rí ẹ níbi méjèèjì, wọ́n á dẹ́kun bíbéèrè.

Àfẹ̀yìntì

Ó dá mi lójú pé pírínsípà ò ní rántí ẹni tó wọ àǹkárá. Èmi ò rántí. Àwọn tó wá jókòó tì mí nílé kí òkú tó wọlẹ̀ ni mo rántí, ọ̀kan nínú wọn sì ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn lórí mi rí.

Tíṣà Apatà

WhatsApp ńkọ́? Gbogbo wa ti gbàgbé WhatsApp. Gúrúùpù sítáfù wà, gúrúùpù tí kò ní pírínsípà tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má sọ nǹkankan nínú èkejì yẹn tí o ò lè sọ nínú ti àkọ́kọ́. Ẹnì kan á ya á lórí fóònù kó tó di alẹ́. Má fi ọkàn pupa sí ọ̀rọ̀ àbùkù tí ẹlòmíràn kọ, torí nínú àwòrán yẹn, ọkàn pupa rẹ á hàn.

Ọmọ Ọjàába

Kọ́pà náà wà nínú gúrúùpù méjèèjì o. Gbogbo ilé-ìwé ló ń sọ̀rọ̀ lójú kọ́pà bí ẹni pé kò gbọ́ èdè.

Tíṣà Báọ́lọ́jì

Mo ti dá aṣọ padà. Ẹni tó ń pín in ní kò burú, pé wẹ́fíà wà. Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn: fọ́ọ̀mù APER, èyí tí ọ̀gá fi ń sọ bí èèyàn ṣe ṣiṣẹ́ lọ́dún, ń bọ̀. Tí pírínsípà bá gbọ́ pé wọ́n mú ìwé yẹn dé ọ̀dọ̀ mi, tó wá kọ ohun tí kò dáa nípa mi ńkọ́? Mo ti tó ẹni tí wọ́n ń wò fún ìgbéga.

Àfẹ̀yìntì

Apá tìrẹ nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni ọ̀pọ̀ yín máa ń fi ṣeré. Wọ́n á kọ "mo kọ́ Báọ́lọ́jì", wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Kọ gbogbo kíláàsì tí o gbà, iye péríòdù lọ́sẹ̀, láàbù tí o tún ṣe, ìdánwò tí o ṣọ́, eré ìje tí o darí, ìpàdé PTA tí o jókòó sí. Kọ déètì sí èyí tó bá ní déètì. Ó le fún ọ̀gá láti kọ "kì í ṣiṣẹ́" sábẹ́ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó wà lókè rẹ̀ náà máa ka méjèèjì kó tó fọwọ́ sí i.

Ibì kan tún wà nínú rẹ̀ tí ìwọ alára máa fọwọ́ sí pé o ti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ. Má fọwọ́ sí i nígbà tó ṣì ṣófo, kódà tí wọ́n bá ní ọkọ̀ Àgódí ń dúró níta. Tí ohun tí wọ́n kọ kò bá rí bẹ́ẹ̀, sọ fún ọ̀gá rẹ lójú kojú lákọ̀ọ́kọ́. Èmi ti yí èyí tí mo kọ padà rí nígbà tí olùkọ́ kan mú nóòtì ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá fi hàn mí. Tí kò bá gbọ́, kọ lẹ́tà, kí lẹ́tà náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kí o sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ ṣáájú sí ẹni tó wà lókè rẹ̀. Kí o tó fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, ṣe fọ́tòkópì gbogbo ojú ewé rẹ̀ ní Mọ́níyà níbẹ̀. Má dúró di ìgbà tí o bá dé Sẹkitéríàtì, ìlà tó máa ń wà nídìí ẹ̀rọ níbẹ̀ lásìkò APER kì í ṣe kékeré.